Ọ̀ṣọ́ tó di ẹrù: kí iyùn àjèjì tó dé etí òkun wa, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ojú Nokoué rí

Ní òpin oṣù tó kọjá, a ń kọjá lọ ní Hanoukopé, ní Lomé níbí, a rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó to ike olómi mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹja pupa kéékèèké wà nínú méjì. Nínú ẹ̀kẹta, ewéko kan ló ń léfòó: ewé rẹ̀ ń dán, igi ewé rẹ̀ wú bí àpò afẹ́fẹ́, òdòdó rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò tó ní àmì yẹ́lò láàárín. Ìyá kan dúró, ó ní: “Èyí mà rẹwà o! Èló ni?” Ọmọ náà ní 500 sẹ́fà. Ìyá sanwó, ó gbé e sínú rọ́bà, ó gun zémìjàn, ó bá tiẹ̀ lọ.

A bi ọmọ náà léèrè ibi tó ti ń rí ewéko yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Tántí, Tọ́ńtọ́n, inú odò ni, lọ́wọ́ Aného. Ọ̀fẹ́ ni.” A ò bá a jà. Iṣẹ́ ajé ló ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó là á yé e rí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tà ní 500 sẹ́fà yẹn ni àwọn onífaransé ń pè ní jacinthe d'eau, òun náà ló sì sọ ọ̀pọ̀ apẹja di aláìníṣẹ́ lójú omi Benin. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi í ṣe nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá sílẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí a rí ní Hanoukopé yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kan náà, tó tún ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nǹkan mìíràn ni a ti ń kà nípa rẹ̀ kí a tó rí ọmọ yìí. Iyùn ni.

Gbogbo wa la mọ iyùn. Ọrùn ọba la ti ń rí i, àti ọwọ́ ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé iyùn kì í ṣe òkúta. Ẹran omi tín-tìn-tín ló ń kọ́ ọ, bí ikán ṣe ń kọ́ òkìtì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹnu àti ọwọ́ wẹ́wẹ́ bí òdòdó, egungun tí wọ́n ń kó jọ ló di ohun líle tí à ń gún sílẹ̀kẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kì í kọ́ egungun líle. Iyùn rírọ̀ ni ká máa pe àwọn yẹn. Àwọn olówó tó ń sin ẹja sínú àpótí gíláàsì, èyí tí wọ́n ń pè ní akuaríọ́mù, fẹ́ràn wọn gan-an. Ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ Xenia wà tó máa ń ṣíwọ́ tó máa ń pawọ́ dé nínú omi ní gbogbo ìgbà, bí ìgbà tí ọmọ ìkókó bá ń fọwọ́ wá ọmú. Ó dùn-ún wò. Kò ṣòroó sìn, kì í tètè kú, ó sì ń bí sí i kíákíá. Ẹ wá wò ó: ohun tó mú kó tà lọ́jà náà ló mú kó léwu nínú òkun.

Ní Venezuela, ní ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ọgbà ìjọba kan wà tó ń jẹ́ Mochima. Òkun àti erékùṣù ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn apẹja sì ń gbé ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 síwájú, iyùn rírọ̀ kan tó ń jẹ́ Unomia stolonifera wọ omi yẹn. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn sí Venezuela. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ sọ pé òwò akuaríọ́mù ló gbé e débẹ̀. Lónìí, ó ti tẹ́ bí ẹní sórí ìsàlẹ̀ òkun, ó bo iyùn ìbílẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bo koríko tí ẹja ń jẹ. Bí wọ́n bá ya á, èyí tó já bọ́ á tún dì mọ́ ibòmíràn, á sì hù. Ó ti dé Cuba náà. Ní 2023, wọ́n rí Xenia umbellata, ọmọ Òkun Pupa, nínú omi Puerto Rico. Ní 2022, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ jáde pé àwọn iyùn rírọ̀ méjì tí wọ́n ń tà fún akuaríọ́mù ti wọ Baía de Todos os Santos, ní Salvador, ní Brazil. Ìlú yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹbí wa lẹ́rú lọ, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti ń gbé òdòdó lọ fún Yemọja lójú òkun ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan máa sọ: “Kí ló kàn wá? Etí òkun tiwa ò ní òkè iyùn.” Òótọ́ ni. Láti Côte d'Ivoire títí dé Nàìjíríà, omi wa kò rí bíi ti Cuba. Àwọn odò ńlá ń da ẹrẹ̀ sínú òkun, àti láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń gòkè láti ìsàlẹ̀ wá. Ẹ̀yin apẹja mọ àkókò yẹn ju àwa lọ. Omi ẹlẹ́rẹ̀ àti omi tútù kì í jẹ́ kí òkè iyùn dìde. Ṣùgbọ́n iyùn rírọ̀ ò bèèrè òkè iyùn. Ibi líle tó lè dì mọ́ ló ń wá, àpáta etí òkun tó wà láàárín Lomé sí Aného sì le, bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta ńlá tí wọ́n kó jọ fi dáàbò bo èbúté. A ò sọ pé ó ti dé o. A ò tiẹ̀ sọ pé ó dájú pé yóò lè gbé níbí. Ohun tí à ń sọ ni pé òwò tó gbé e dé ibòmíràn ti wà lágbègbè wa, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó wà nínú ọ̀rá omi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn méjì tó yàtọ̀ síra. Ní 1984, wọ́n rí koríko òkun kan tó ń jẹ́ Caulerpa taxifolia lábẹ́ ilé ìṣúra òkun ti Monaco, nínú Òkun Mẹditaréníà. Ibi tó gbà nígbà yẹn kò ju mítà kan níbùú lóròó. Akuaríọ́mù ni wọ́n ń lò ó fún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn: ta ló tú u sílẹ̀, ṣé ó léwu, ṣé kò léwu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexandre Meinesz ní Nice ń pariwo, àwọn mìíràn ń sọ pé àsọdùn ni. Bí wọ́n ṣe ń jiyàn ni koríko ń rìn. Nígbà tó fi máa di 2000, ó ti wà nínú omi Faransé, Monaco, Ítálì, Sípéènì, Croatia àti Tùnísíà. Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹfà, wọ́n rí koríko yìí ní ọ̀sà kan ní California, Agua Hedionda lorúkọ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn òmùwẹ̀ fi tapóló bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n da kílórò sábẹ́ rẹ̀. Ní 2006, wọ́n kéde pé ó ti tán pátá. Owó tí wọ́n ná tó mílíọ̀nù 7 dọ́là. Ó pọ̀, àbí? Ṣùgbọ́n ti Mẹditaréníà ò tán títí dòní.

Ó tó gẹ́ẹ́ pẹ̀lú òkè òkun. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù wà.

Àwọn bàbá wa máa ń gbàdúrà pé ká máa lékè bí ojú oró àti òṣíbàtà ṣe ń lékè omi. A dàgbà bá àdúrà yẹn, àwa náà sì ń ṣe é fún àwọn ọmọ wa. Bí ẹ bá gba ojú Nokoué kọjá lásìkò ìkún omi, ohun tó wà lókè omi níbẹ̀ kì í ṣe ojú oró mọ́. Ewéko elésè àlùkò yẹn ni. Odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un wá, láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n sì ti ń gbé e kiri ayé fún ẹwà òdòdó rẹ̀, wọ́n ń fi í sínú adágún ọgbà àwọn olówó. Ní Benin, òpin àwọn ọdún 1980 ló gbalẹ̀ kan. Àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́ ní togblé, èyí tó túmọ̀ sí pé ìlú ti bàjẹ́. Ní 1984, ó gba odò Porto-Novo wọ Badagry, ó wọ ọ̀sà Èkó, ó sì kọjá lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ. Kò gba ìwé ìrìnnà, kò dúró ní dúwánì ní Sèmè.

Bí ó ṣe ń pọ̀ kò lágbára láti yé wa: igi kan á ta ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ á ta ọmọ, bí omi bá sì dùn mọ́ ọn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi ń di ìlọ́po méjì. Èso rẹ̀ lè sùn sínú ẹrẹ̀ fún ogún ọdún kó tó jí. Nígbà tó bá ti bo omi, oòrùn kò wọ ìsàlẹ̀ mọ́, atẹ́gùn tí ẹja ń mí á dín kù. Ọkọ̀ kò lè kọjá, àwọn ọmọ Ganvié tó ń wa ọkọ̀ lọ sílé ìwé á há sáàárín rẹ̀. Ó ń fa àwọ̀n ya. Ó ń rọ̀ mọ́ àwọn igi àkájà tí wọ́n fi ń dá ẹja dúró. Ẹ̀fọn ń pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ọkùnrin ló ń pa ẹja, ṣùgbọ́n obìnrin ló ń yan án, tó ń tà á, tó sì ń fi owó rẹ̀ san owó ilé ìwé. Àwọn olùwádìí kan rìn kiri abúlé 24 ní gúúsù Benin, wọ́n bi ọkùnrin léèrè lọ́tọ̀, wọ́n bi obìnrin lọ́tọ̀. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2003 sọ pé nígbà tí ewéko yìí pọ̀ jù, àwọn ènìyàn bí 200,000 ló ń pàdánù mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dún. Ẹ bá wa pín in: 420 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọdé àti àgbà. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ sí owó tiwa lónìí, ó lé ní bílíọ̀nù 40 sẹ́fà. Ọkùnrin pàdánù níbi ẹja pípa, obìnrin níbi òwò ẹja àti oúnjẹ.

Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti fà á rí mọ̀ pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀yìn á so, bó bá sì di oṣù tó ń bọ̀, á tún kún. Iyọ̀ òkun ń bá wọn pa díẹ̀: ní ọ̀gbẹlẹ̀, omi òkun máa ń gba ojú odò Cotonou, èyí tí wọ́n gbẹ́ ní 1885, wọ Nokoué, ewéko náà á kú, á jẹrà, á sì máa rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá dé, tí odò Ouémé bá kún láti òkè, á tún gbé tuntun wá.

Láti 1991, iléeṣẹ́ ìwádìí IITA tó wà ní Abomey-Calavi tú kòkòrò kan sílẹ̀. Neochetina lorúkọ rẹ̀. Ẹ ro kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà, kí ẹ sì fi kún un díẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá, níbi tí ewéko yẹn ti wá gan-an. Wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò pé kò ní jẹ gbágùúdá wa, kò ní jẹ àgbàdo. Togblé nìkan ló ń jẹ. Èyí tó dàgbà ń họ ojú ewé, ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ inú igi ewé títí dé ìdí, omi á wọlé, igi á sì rì. Kò yá. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, àwọn ènìyàn ń sọ pé òyìnbó tún ti tàn wá. Ṣùgbọ́n ní Tévèdji, lórí odò Ouémé, níbi tí ewéko ti bo gbogbo ojú omi pátápátá, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìdá 5 nínú 100 péré ló kù. Ìwé 2003 yẹn náà sọ pé iṣẹ́ kòkòrò yìí dá mílíọ̀nù 30.5 dọ́là padà sọ́wọ́ àwọn ènìyàn lọ́dún, owó tí wọ́n ná sí gbogbo ètò náà kò sì ju bíi mílíọ̀nù 2 lọ. Dọ́là kan mú 124 wá.

A máa ń fi ìṣirò yìí han àwọn tí a ń kọ́ láti di olùkọ́, a sì máa ń bi wọ́n pé kí ni ẹ rí. Ọ̀pọ̀ wọn á pariwo 124. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò: 30.5 nínú 84. Iṣẹ́ tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni ṣe lórí omi wa nípa ọ̀rọ̀ yìí, ìdajì ohun tó sọnù kò padà. Ìyẹn sì jẹ́ fún ewéko tó léfòó, tí ojú ń rí, tí ọwọ́ ń tó, tí iyọ̀ ń pa, tí kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sì wà. Iyùn rírọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkun, iyọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, kòkòrò tí a lè tú sí i kò sí. Bó bá dé, tapóló àti kílórò ló kù, ta ló ní mílíọ̀nù 7 dọ́là ní Lomé tàbí ní Cotonou láti ná sórí ohun tó wà lábẹ́ omi?

Àwọn kan ní ká sọ ọ́ di owó. Songhaï ní Porto-Novo ń fi togblé ṣe ajílẹ̀ àti gáàsì, iléeṣẹ́ Green Keeper Africa ní Benin ń sọ ọ́ di ohun tó ń fa epo tó dànù mu. A kí wọn kú iṣẹ́, òótọ́ inú ni. Àwọn obìnrin tó ń kó o jáde ń rí owó níbẹ̀. Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ẹni tó bá ń jẹun lára wàhálà kì í fẹ́ kó tán. Ọmọ Hanoukopé yẹn náà, iṣẹ́ ajé lòun ń ṣe.

Lágbàáyé, wọn ò kà á sí eré mọ́. Ìròyìn IPBES ti oṣù Kẹsàn-án 2023 sọ pé ó lé ní 37,000 ẹ̀yà ewéko àti ẹran tí ènìyàn ti gbé kúrò nílé wọn lọ sílẹ̀ àjèjì, 3,500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn ló ń ṣe ìpalára, owó tí wọ́n ń jẹ run sì ju bílíọ̀nù 423 dọ́là lọ ní 2019. Ní oṣù Kejìlá 2022, ní Montréal, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé títí 2030, wọ́n á dín ìwọlé irú wọn kù sí ìdajì. Tógò àti Benin wà nínú àdéhùn náà. Ìdajì! Ṣùgbọ́n kí a tó lè dín nǹkan kù sí ìdajì, a ní láti mọ iye tó ń wọlé, iye yẹn kò sì lè hàn bí kò bá sẹ́ni tó ń wo inú ọ̀rá ẹja ọ̀ṣọ́ lẹ́nu ibodè. Àwọn aṣọ́bodè wa mọ ayédèrú oògùn, wọ́n mọ bẹntiróòlù kpayo. Ẹ fi àwòrán iyùn rírọ̀ márùn-ún hàn wọ́n, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn. Ìyẹn ò gba mílíọ̀nù.

Ní tiwa nílé, ohun tó ṣòro kì í ṣe rírà, dídànù ni. Ẹni tó ní akuaríọ́mù kì í fẹ́ pa ẹja rẹ̀. Nígbà tó bá sú u, tàbí tó ń kó kúrò nílé, àánú á ṣe é, á gbé e lọ sí ọ̀sà tàbí etí òkun, á tú u sílẹ̀, á rò pé rere lòun ṣe. Àánú yẹn ló ń pa odò. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, tàbí kí ẹ fún ẹlòmíràn tó ń sìn. Bí ewéko ni, ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ wán-ún, kí ẹ tó sun ún. Ẹ má da omi rẹ̀ sínú gọ́tà, torí òjò ló máa gbé e débi tí ẹ kò fẹ́. Ẹ̀yin apẹja tó ń rí àpáta lábẹ́ omi, bí ẹ bá rí ohun tó tẹ́ bí kápẹ́ẹ̀tì, tó ń ṣíwọ́ tó ń pawọ́ dé, tí bàbá yín kò rí i rí, ẹ má fà á ya o. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ mọ ibi tó wà, kí ẹ lọ sọ fún ọ́fíìsì ẹja pípa tàbí méèrì lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ìyàtọ̀ Monaco àti California kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn lọ.

A padà sí Hanoukopé ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. A ṣàlàyé fún un, ó gbọ́, kò jiyàn. Ó kàn bi wá pé kí lòun á wá máa tà, torí pé òdòdó yẹn ló ń mú kí àwọn ènìyàn dúró, tí wọ́n á sì tibẹ̀ ra ẹja. A ò ní èsì gidi fún un, a sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. A ra mẹ́rin tó kù, 2,000 sẹ́fà, a gbé wọn lọ sórí òrùlé ilé ìwé wa, a tẹ́ wọn sórí páànù nínú oòrùn oṣù Kẹta. Ewé gbẹ lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ keje, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ọ̀bẹ la ìdí ọ̀kan, àárín rẹ̀ ṣì tutù, ó sì funfun.